Iṣu Èlùbọ́ Tí Kò Fa Omi

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé orí mi le. Mi ò bá wọn jiyàn. Ká ní orí mi ò le ni, yàrá ìránṣọ ni ǹ bá parí ìwé mi sí, ǹ bá máa ká etí aṣọ tábìlì tí mi ò fẹ́ràn.

Òmìnira ò tíì pẹ́ tá a gbà á nígbà náà. Láti ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé, èmi nìkan sì lọ́mọbìnrin nínú kíláàsì tíṣà sáyẹ́ǹsì. Ọkùnrin náà ò fi bò rárá pé mo ń gba àyè lásán. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló ní ó yẹ àwa obìnrin.

Lọ́jọ́ kan, ó kọ́ wa pé ohun abẹ̀mí gbogbo ní àwọn yàrá kéékèèké tójú lásán ò lè rí, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Awọ fẹ́lẹ́ ló yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Awọ yìí máa ń jẹ́ kí omi kọjá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó bá kanlẹ̀kùn ló ń gbà wọlé. Níbi tí ṣúgà bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni omi máa ń wọ́ lọ. Ká lè fojú ara wa rí i, ó ní kí kálukú mú iṣu tó ti bó wá, ká gbẹ́ inú ẹ̀ bíi ife, ká bu ṣúgà sí i, ká wá gbé e sínú àwo omi.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń ṣe èlùbọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti bó iṣu, wọ́n ti bọ̀ ọ́, ó ti sùn mọ́jú nínú omi gbígbóná, sísá ló kù. Ó funfun, ó ṣì le lọ́wọ́. Kí ni mo tún fẹ́ máa bó òmíì fún? Mo mú ọ̀kan, ó di iléèwé.

Nígbà tá a fẹ́ jáde, omi ti kún inú iṣu àwọn yòókù. Tèmi ò ní nǹkan kan nínú. Tíṣà wo iṣu, ó wo ẹnu mi, ó ní mo ti lá ṣúgà náà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá di Mọ́ńdè, kí n gba yàrá ìránṣọ lọ.

Inú bí mi. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo ní, “Mi ò lá ṣúgà, sà. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe lójú yín. Bí omi ò bá wọ̀ ọ́, màá fẹsẹ̀ ara mi lọ.”

Ó gbà, bóyá torí ó fẹ́ tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo tọrọ iṣu tútù lọ́wọ́ ìyá àgbà, wọ́n bi mí bóyá wọn ò fún wa lóúnjẹ níléèwé ni. Síbẹ̀ wọ́n fún mi. Mo gbẹ́ ẹ, mo gbẹ́ iṣu èlùbọ́ míì tì í, mo bu ṣúgà sí méjèèjì, mo sì gbé kálukú sínú àwo omi tiẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà fi kírun Alásàárì tán, omi ti kún inú iṣu tútù. Ti èlùbọ́ gbẹ kalẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, ṣúgà rẹ̀ ti ṣàn jáde sínú àwo. Mo wo ìkòkò omi gbígbóná tó wà lórí ààrò, ó sì yé mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbẹ́ iṣu tútù kan àti ti èlùbọ́ kan lójú tíṣà. Nígbà tí iṣu tútù kún, tí ti èlùbọ́ ò kún, ó nawọ́ sí ti èlùbọ́, ó bi mí pé kí ló ṣe é.

Mo ní, “Wọ́n ti bọ̀ ọ́, sà. Omi gbígbóná ti pa àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀. Òkú kì í yan ohun tó máa wọlé sára ẹ̀ àti ohun tó máa jáde. Èmi ṣì wà láàyè. Mi ò lọ yàrá ìránṣọ.”

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kí àwọn tó wà níwájú sún kí n ráyè jókòó. Kò bẹ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ ṣúgà, mi ò sì dúró dè é. Mo jókòó.