Ọmọ Tó Ń Wo Ilẹ̀

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní ilé ìwé girama ni a ka ìwé ìtàn àtijọ́ kan tí òyìnbó kọ. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọdé. Kì í pariwo, kì í bú ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lé àbúrò rẹ̀ jáde nílé nítorí ohun tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ṣe, ó kàn dákẹ́ ni.

"Ojú àánú, inú ìkà!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ wa obìnrin yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo rí sí i?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Mo mọ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú, èmi àti ọmọbìnrin àbúrò bàbá mi la jọ ń gbé ní Ìkòròdú, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, nítorí ilé ìwé. Ìyá la máa ń pè é. Ẹ̀pẹ́ ni ilé wa gan-an. Ọmọ náà fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, ó sì mọ̀wé ju èmi lọ.

Àpótí aṣọ kan ṣoṣo la jọ ń lò. Ọmọkùnrin kan ní ilé ìwé àwọn ọkùnrin máa ń kọ lẹ́tà sí mi. Kì í kọ orúkọ mi sí i. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n fi àwọn lẹ́tà náà sábẹ́ aṣọ tèmi. Abẹ́ tirẹ̀ ni mo fi wọ́n sí. Ibẹ̀ ni Ìyá ti rí wọn lọ́jọ́ tó tú àpótí náà nítorí ikán.

Ó kó wa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bàbá àgbà wa jókòó lórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. A kúnlẹ̀.

"Ta ló ni lẹ́tà wọ̀nyí?"

Ọmọ náà gbé orí sókè, ó wo ojú wọn kòrókòró. "Bàbá, kì í ṣe tèmi. Mi ò rí wọn rí."

"Èmi lò ń tẹjú mọ́ báyìí?"

"Ẹ ò rí i?" ni Ìyá wí. "Ojú ẹ̀ ti là!"

Nílé wa, bí àgbà bá ń bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, ilẹ̀ lọmọ ń wò. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ àgbà, aláìnítìjú ni. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ tó ń sọ ló mú un gbàgbé ìyẹn. Èmi wo ilẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rù ló fà á.

"Ẹ wo èyí," ni Bàbá wí, wọ́n nawọ́ sí mi. "Ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ tijú. Ọmọ gidi nìyí." Wọ́n wá kọjú sí i: "Ìwọ, ó parí. O ò padà sílé ìwé mọ́."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Bá mi sọ fún wọn. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn."

Mi ò gbójú sókè.

Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti fi í fún ọkọ. Ìgbà tí a ka ìwé yẹn tán ni mo lọ bá a ní Ẹ̀pẹ́, nígbà ìsinmi. Ẹja ló ń yan, èéfín ti pọ́n ojú rẹ̀.

"Lẹ́tà yẹn," ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ti mọ̀."

"Dárí jì mí."

Ó yí ẹja méjì padà kó tó fèsì. "Bàbá ti kú. Ìyá ṣì wà. Sọ fún Ìyá. Kò lè dá mi padà sílé ìwé mọ́, ṣùgbọ́n kó yé pè mí lólójú líle."

Mo ní màá sọ.

Nígbà tí mo dé Ìkòròdú, Ìyá ti se ìkọ́kọrẹ́ dè mí. "Káàbọ̀, ọmọ mi tí kì í dá wàhálà sílẹ̀. Onítọ̀hún ńkọ́?"

"Ó wà ńbẹ̀, mà," ni mo wí, mo fọ ọwọ́, mo sì jẹun. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò sọ fún un.