Sùwéébátù Di Onílé ní Mowe

Ìlú Àgbàdo ni Sùwéébátù ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, nínú yàrá kan tí rélùwéè ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ilé náà jẹ́ irú èyí tí yàrá kọjú sí yàrá. Bó bá ń dín ata, àwọn ọmọ ilé á ti to abọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìjà kò wọ́n níbẹ̀: ìjà omi, ìjà ilé ìwẹ̀, ìjà ta ni kò gbálẹ̀. Ojoojúmọ́ ni òun àti Màmúdù ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akóyanrìn, ń bẹ Ọlọ́run pé kó yọ àwọn kúrò nínú ariwo. Ọlọ́run sì gbọ́, ó gbọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Wọ́n ra ilẹ̀ sí Mowe. Wọ́n ń kọ́lé náà bí gbogbo mẹ̀kúnnù ṣe ń kọ́lé, búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, páànù lọ́dún mìíràn. Wọn ò tíì kan òrùlé tí Màmúdù fi kú. Nàfísàt, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Sùwéébátù nu ojú rẹ̀, ó parí ilé náà fúnra rẹ̀, ó sì kó wọ yàrá iwájú lóun nìkan kí simẹ́ńtì tó gbẹ tán, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má baà sọ pé ilé náà kò ní ẹni tó ni ín. Fúláàtì kéékèèké tó kù ló fẹ́ fi háyà. Ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún Nàfísàt lórí fóònù.

"Owó náà dára o, àmọ́ èèyàn gan-an ni mo ń wá. Mo fẹ́ máa gbóhùn èèyàn nínú ilé yìí."

Ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ láńlọ́ọ̀dù, ló bá lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wọn. Ìyẹn fà á létí bí olùkọ́.

"Ìyá Nàfísàt, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi wọ́n ní iye ọmọ. Ẹ bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi kúrò nílé tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Lọ́yà ni kó kọ àgírímẹ́ǹtì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Kí kálukú ní mítà iná tiẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bá tẹ́náǹtì jẹun o! Bẹ́ ẹ bá ti bá wọn jẹun báyìí, rẹ́ǹtì yín ti wọ gàù."

Ìmọ̀ràn gidi ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọkùnrin náà. Àìmọye onílé ló ń lọ ń bọ̀ ní kóòtù nítorí pé wọn ò rẹ́ni sọ irú rẹ̀ fún wọn. Sùwéébátù tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀, ó tẹ̀ lé e títí ó fi ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá wo ilé ni Ọmọ́títí, onídìrí kan tó wá láti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́rin àti ìyá rẹ̀ àgbà. Àwọn ọmọ náà sáré wọ inú fúláàtì tó ṣófo, wọ́n ń pariwo kí ògiri lè dá wọn lóhùn. Inú Sùwéébátù dùn dẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ alága sì wá sí i lọ́kàn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí á ya nǹkan sára ọ̀dà tuntun, wọ́n á fa omi kànga gbẹ, ìyá wọn á sì sọ iwájú ilé di ṣọ́ọ̀bù onídìrí.

"Ẹ máa bínú, ẹnì kan ti san owó rẹ̀," ló wí. Irọ́ pátápátá ni.

Àwọn tó wá gbà sílé, irú èèyàn tí alága fọwọ́ sí ni wọ́n. Muqtadir àti ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Fisáyọ̀ wà ní báǹkì. Hanifah, ọmọge tó dákẹ́ jẹ́jẹ́, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ ní Ìkẹjà. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò sẹ́ni tó lọ́mọ. Alága yìn ín níwájú gbogbo ìpàdé.

Ohun tí alága kò sọ ni pé ẹni tó ń gbé Mowe tó sì ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, orun nìkan ló ń wá sùn ní Mowe. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, wọ́n ti lọ dúró ní títì. Bí wọ́n bá dé, ojú wọn á ti kú, wọ́n á kí i lórí ìdúró, wọ́n á tilẹ̀kùn. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Sùwéébátù nìkan ló kù pẹ̀lú àwọn páàdì tí wọ́n fi tilẹ̀kùn àti alángbá tó ń sáré lórí páànù. Ó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó mọ́. Bó bá pe Nàfísàt, ìyẹn á ní òun ń dá oníbàárà lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù òun. Nínú ilé náà, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́, Mọ́mì Láńlédì ni àwọn tẹ́náǹtì ń pè é. Ó dá nìkan wà, ó sì ń dùn ún gan-an, kò sì mọ ẹni tóun lè sọ ọ́ fún tí kò ní fi òun ṣẹ̀sín pé ẹ wo onílé tó ń sunkún nínú ilé ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ó se mọ́ínmọ́ín, ó bù ú sínú abọ́ onídèérí, ó lọ kanlẹ̀kùn Hanifah. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

"Ta ni yẹn?"

"Èmi ni, láńlédì."

Rédíò dákẹ́ lójijì. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Hanifah ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, sọ́rì mà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ omi yẹn ń jò, mo ti pe ẹni tó máa ṣe é. Àbí ẹ fẹ́ fowó lé rẹ́ǹtì ni? Ẹ ṣàánú mi, mà."

Ọ̀rọ̀ náà gún Sùwéébátù láyà. Àmọ́ kò lè bá ọmọ náà wí. Kò tíì kan ilẹ̀kùn yẹn rí àfi tó bá fẹ́ sọ pé kí wọ́n kó aṣọ kúrò lára irin fèrèsé, tàbí pé kí wọ́n dín ariwo kù. Ì bá sọ pé òun wá wo síílìn, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

"Dìde, Hanifah. Mo wá jókòó ni."

"Ẹ wá kí ni, mà?"

"Mo wá jókòó lọ́dọ̀ ẹ. Ilé yìí dákẹ́ jù."

Hanifah dìde, ó sún aṣọ tó ń ká lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ráyè jókòó. Wọ́n ṣí abọ́. Sùwéébátù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dákẹ́ mọ́. Ó sọ bí Màmúdù ṣe wa ọkọ̀ yanrìn wọ ẹrẹ̀ n'Íbafo, tó fi bàtà ẹsẹ̀ kan délé. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí kò gbọ́ kí ẹnì kejì rẹ́rìn-ín, ó gbójú sókè. Hanifah ti sùn lọ fọnfọn níbi tó fara ti bẹ́ẹ̀dì, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú kọ́kọ́ bí i díẹ̀. Ó fẹ́ gbé abọ́ rẹ̀ kó máa lọ. Ó wá gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí. Láti ìgbà tí Màmúdù ti kú, kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ó yọ ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí rẹ̀, ó padà jókòó, ó sì rọra sọ ìtàn bàtà Màmúdù náà parí ní ohùn kékeré.