Onílàjà Wáífáì àti Bulutúùtù

Onílàjà là ń pè é lọ́fíìsì wa, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Àpótí kékeré kan là ń ṣe fún àwọn aláìsàn tó wà nílé. Wọ́n á lẹ nǹkan kan mọ́ aláìsàn láyà tí yóò máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Nǹkan yẹn á máa fi Bulutúùtù bá àpótí sọ̀rọ̀, tí èémí bá sì dá dúró, àpótí á ké. Kamẹ́rà tún wà lára àpótí ọ̀hún tó ń fi Wáífáì gbé àwòrán aláìsàn lọ sórí fóònù ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ẹ́ríà kan ṣoṣo, ìyẹn irin tó ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú afẹ́fẹ́, ni Wáífáì àti Bulutúùtù ń lò, bí orogún méjì tó ń dáná lórí ààrò kan. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ pọ̀, a ò ní gbọ́ ti ẹnì kankan. Iṣẹ́ Onílàjà ni láti kọ dráífà, ìyẹn àṣẹ inú ẹ̀rọ tó ń sọ fún wọn pé, "Ìwọ sọ tìẹ, ìwọ panu mọ́ ná."

Ọ̀gá wa ní tiẹ̀, ohun tí oníbàárà bá ti sọ, abẹ gé e. Àwọn oníbàárà ní àwòrán ń já. Ni Onílàjà bá gbé ìpín tó pọ̀ jù fún Wáífáì nígbàkigbà tí kamẹ́rà bá ń ṣiṣẹ́. Bí àpótí ò bá gbọ́ nǹkan kan nípa èémí lásìkò yẹn, kó ṣe sùúrù, kó má pariwo.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ló wí. "Ẹni tó ti ń fojú ara ẹ̀ wo aláìsàn, ariwo kí ló tún ń fẹ́?"

Ẹni tó ń ti inú kọ̀ǹpútà wo ayé nìkan ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tó yá, èémí ìyá Onílàjà fúnra rẹ̀ ń ṣe ségesège. Dókítà ní ó lè dá dúró nígbàkigbà, àfi kí ẹnì kan tètè débẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni màmá ń gbé, ó sì gbé àpótí kan lọ síbẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n fọkàn balẹ̀, pé tí nǹkan bá ṣe màmá, àpótí á ké.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣí àwòrán màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọjú sógiri, aṣọ bò wọ́n dé ọrùn.

"Ẹ wo ìyá mi, wọ́n ń gbádùn oorun," ló sọ fún mi.

Kò pa àwòrán náà, ó fẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ òun. Àwòrán náà mọ́ kedere, mo tiẹ̀ ń rí òdòdó ara aṣọ ìbora.

Nígbà tó ṣe, a rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wọlé, tó fọwọ́ kan màmá léjìká. Ago omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù Onílàjà dún.

"Iná kamẹ́rà ń tàn. Ṣé ìwọ lò ń wò wọ́n?"

"Mò ń wò wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n ti tutù! Ilé ìdáná ni mo wà o! Kí ló dé tí àpótí ẹ ò ké?"

 Onílàjà mọ ìdí ẹ̀. Òun ló kọ ọ́. Ẹkún tí ọkùnrin yẹn sun, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó padà síbi iṣẹ́, ó sì dá ìpín Bulutúùtù padà fún un láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi dé.

"Àwòrán tún ti ń já o. Àwọn oníbàárà ń bínú."

"Ẹ jẹ́ kó máa já, sà," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyá ẹ̀ dáadáa, kó dìde lọ bá wọn nílé."