Koríko Igánmú Lẹ́nu Àgbò Iléyá

Akọ́wé ni mo máa ń pe àbúrò ọkọ mi obìnrin, nítorí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ náà sì tọ́ sí i.

Láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí à ń gbé Muṣin, ọ́fíìsì ìjọba kan ní Yábàá ní àwọn máa gbà á síṣẹ́ bó bá lè kó koríko igbó jọ, kó tẹ̀ wọ́n gbẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kó lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, kó sì kọ ibi tó ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣe é dáadáa, Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò padà sí, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá.

Àkókò òjò ni. Àràárọ̀ ló ń pààrọ̀ ìwé ìròyìn kí koríko má baà bu. Ọmọ olọ mi ló fi ń tẹ páńkó mọ́lẹ̀ lé wọn lórí! Inú bí mi, n kò rí ata lọ̀, àmọ́ bí mo bá rí bó ṣe ń fi ìka kan tún ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tò, màá fi ọmọ olọ náà sílẹ̀ fún un. Èyí tó fẹ́ràn jù lọ ni ọ̀kan tó já ní àbàtà Igánmú, tí òdòdó rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ tí oòrùn yọ, ó sá èyí sórí ẹní lẹ́yìnkùlé. Iléyá ti sún mọ́lé, àgbò wa wà lórí ìso. Ìyá ọkọ mi jáde, wọ́n rí koríko, wọ́n kó o fún àgbò.

"Mo ṣe bí ẹ já a wálé fún un ni!"

Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Ní Muṣin, koríko tó bá wọlé nígbà Iléyá, àgbò ló ni ín. Èmi figbe ta. Akọ́wé ní tirẹ̀ sáré di àgbò lẹ́nu mú, ó fa igi koríko kan yọ tòdòdó tòdòdó. Gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ. Àwa méjèèjì sáré padà sí Igánmú, àṣé wọ́n ti fi iyanrìn dí ibẹ̀. Mo bú sẹ́kún lójú ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, má sunkún mọ́. Eléyìí tó kù náà, koríko ni."

Nígbà tó fẹ́ kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ẹ kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rí i. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀."

Ó kọ ọ́ pé Igánmú ni, pé àgbò jẹ ìyókù. Mo gbà lọ́jọ́ náà pé n ò tíì rí irú obìnrin yìí rí.

Lọ́jọ́ tó gbé àwọn páálí náà lọ sí Yábàá, ìyá jókòó ti àgbò láti àárọ̀. Nígbà tí Akọ́wé dé, ó ní ọ̀gá ọ́fíìsì náà rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ló wá ń bi òun bí àgbò ṣe jẹ ẹ́, nítorí irú ìyẹn gan-an, koríko tí ẹran ń jẹ, ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

"Wọ́n gbà mí."

"Alihamudulilahi! Kí lo wá kọ nípa mi?"

"Mi ò kọ nǹkan kan nípa yín, Màmá. Mo kọ ọ́ pé àgbò fẹ́ràn rẹ̀."

Ìyá fi etí ìró nu ojú, wọ́n wo àgbò.

"Ó kúkú fẹ́ràn rẹ̀."