Kò Sí Àgbà Nínú Pápá

Òórùn bọ́ọ̀lù awọ tí òjò pa, tó dàpọ̀ mọ́ òórùn ṣọ́ọ̀kì: bí irú rẹ̀ bá kàn mí nímú lónìí, àdúgbò Nkembo ní Libreville ni ọkàn mi ń padà sí. Gabon ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Libreville kò tíì tóbi, ìlú tí ẹni tó wà ní Nkembo lè fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun kí oúnjẹ tó jinná ni. Mo ti lé ní ogún ọdún, n kò sì mọ álífábẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi wá láti Ṣakí. Ó ń ta aṣọ, èmi ń bá a ká a, mo sì gbà pé ayé mi ti parí síbẹ̀.

Tísà ló ní kí n wá kàwé. Ọkùnrin gíga kan ni, ó ń tiro díẹ̀, ọmọ Kétu láti ilẹ̀ Dàhòmì. Ó ti ṣe ọmọ ogun fún àwọn Faransé. Yorùbá rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọ tí kò yé wa. Kò ní ìyàwó, kò bímọ. Ilé ẹ̀kọ́ onípákó tó wà lẹ́yìn ọjà àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò nìkan ló ní. Àmì ẹ̀yẹ tó gbà lójú ogun wà nínú agolo wàrà tó ń kó ṣọ́ọ̀kì sí, eruku ṣọ́ọ̀kì sì ti sọ okùn rẹ̀ di funfun. Òwúrọ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti àwa tí a ti gbó kọjá ìwé. Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé náà ni a ń jókòó sí, orúnkún mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run kí oníbàárà wa kankan má gba ojú fèrèsé kọjá.

Ẹni tó bá ń bọ̀ ní kíláàsì gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wá sí kíláàsì. Òfin rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ni aṣọ́lé wa, èmi ń dúró níwájú rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ tó bá bá wa pàdé ló ń nà wá, kì í sì í ṣe pé a kò lè sáré. Ìwà ọmọlúwàbí ló ń pa wá. Àbúrò kò ní gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó kéré kò ní kígbe mọ́ ẹni tó dàgbà. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ àdúgbò Rio ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi tó gbé bọ́ọ̀lù jáde.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” mo wí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn.”

Bọ́ọ̀lù ti wọlé. Tísà fọn fèrè, ó tiro wọ inú pápá.

“Ṣé ò ń pè é ni, àbí ò ń kí i? O ò bá kúkú béèrè àlàáfíà ilé!”

Àwọn ará Rio rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Tísà kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ o. Kò sí àgbà nínú pápá. Ẹni tó bá rí ewu, kó pariwo.”

Ojú ẹ̀gbọ́n mi le. “Tísà, ẹ má ba àbúrò mi jẹ́ fún mi. Tó bá pariwo mọ́ mi níbí, ṣé kò ní pariwo mọ́ mi nílé?”

“Nílé, kó dọ̀bálẹ̀. Níbí, kó lanu.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní kíláàsì, ó sọ ìtàn ogun fún wa. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ọmọ ogun kékeré kan ń ṣọ́nà. Ó rí ará ìlú rẹ̀ kan tó jù ú lọ, tó ń rìn lọ síbi tí ọ̀tá ri bọ́ǹbù mọ́. Ó rí i kedere, ṣùgbọ́n ó rò pé àgbà mọ ibi tó ń lọ. “Ó ṣì ń wá orúkọ ọ̀wọ̀ tí yóò fi pè é,” Tísà wí, “nígbà tí ilẹ̀ bú gbàmù.” Ó ní ká ṣí ìwé wa. Kò sọ ẹni tí ọmọ ogun náà í ṣe. A kò bi í.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Mo ti ń kàwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka ni mo fi ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn bí ẹni ń lé adìyẹ. Ó ku oṣù díẹ̀ kí àwa kan ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà, ni ohun tó wà lójú pátákó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú mọ́ mi lójú. Mo gbà pé orí mi ti kún, pé ibi tí agbára ẹni tó pẹ́ kó tó mọ̀wé mọ nìyẹn. Mo ti ń múra láti padà sídìí aṣọ kíká pátápátá. Káfíńtà ará Pọ̀tọ̀-Nófò tó ń jókòó tì mí ló fi ìgbúnwọ́ gún mi.

“Ṣé o rí i kà?”

“Rárá. Orí mi ni kò gbà á mọ́.”

“Orí rẹ kọ́. Wò ó dáadáa. Orí ìlà tó ti kọ tẹ́lẹ̀ ló tún ń kọ ọ́ sí.”

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Ojú Tísà ti ń lọ. Èmi nìkan ni kò tíì mọ̀. Àwọn ọmọ òwúrọ̀ ń wo ìwé ara wọn kọ. Ní pápá, a máa ń dárúkọ ara wa sókè kó lè mọ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èmi sì rò pé eré lásán ni. Bí a bá dákẹ́, ìdánwò yóò dé bá wa láìmọ nǹkan kan. Bí a bá sọ ọ́, ilé ẹ̀kọ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní nǹkan mìíràn láyé. Àwọn àgbà àdúgbò ní ká fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ta ni ìwọ láti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ojú rẹ̀ ti fọ́?”

Mo lọ. Tísà ń nu pátákó tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ.

“Tísà, ojú yín kò ríran mọ́. A kò rí ohun tí ẹ ń kọ kà.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. “Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“Láti ìgbà wo lẹ ti rí i?”

“Ó pẹ́, sà.”

“Ó pẹ́.” Ó yí ojú sí pátákó. “Gbogbo yín rí i, ẹ sì ń wò mí tí mò ń rìn lọ.”

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ún. Mo padà sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé mo ti pa á.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé. Ó na ọwọ́ síwájú, ó mú agolo wàrà náà, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. “Máa kọ ohun tí mo bá wí. Bó o bá ṣì í kọ, àwọn yòókù, ẹ pariwo.” Wọ́n pariwo lóòótọ́. Káfíńtà ló pariwo jù, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Báyìí ni mo ṣe mọ ìwé, níwájú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ìtìjú ojoojúmọ́. Tísà fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún àwọn aláṣẹ. Wọ́n fi olùkọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ṣe ìdánwò. Mo yege, bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà. Tísà ṣì ń wá sí pápá, ó ń fi etí wo bọ́ọ̀lù, títí àwọn ẹbí rẹ̀ fi wá fi ọkọ̀ ojú omi mú un lọ sílé. Ó fi agolo náà sílẹ̀ fún mi. Mo gbọ́ pé kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú.

Mo ti tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta báyìí. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ fún mi láìfepobọyọ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, ilé mi ní àdúgbò Nzeng-Ayong kún fún àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pọ̀ nínú ọ̀wọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi. A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin mi wọlé. Ibí la bí i sí, Faransé ló mọ̀ ọ́n sọ jù, kò sì mọ bí a ti ń fi ewé wé ọ̀rọ̀.

“Papa, etí òsì rẹ ò gbọ́ràn mọ́. Mo pè ọ́ pè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.”

Ẹ̀gbọ́n mi ju òkèlè rẹ̀ sílẹ̀. “Bàbá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?”

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo bi ọmọ náà pé láti ìgbà wo ló ti kíyè sí i.

“Lónìí,” ó wí.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Mo fa àga sún mọ́ apá ọ̀tún mi, níbi tí etí ṣì ti dára, mo ní kó wá jókòó.