Àmì Àyọlò Tí Olóògbé Kò Jẹ́ Kí N Pa Dé

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń kọ ìròyìn láti Ìkìrun dé Òkukù, mi ò sì fi ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ò sọ sí i lẹ́nu rí, àfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹyọ ọ̀rọ̀ yẹn ló kó mi sí wàhálà. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ràn. Mi ò sì mu nǹkan kan.

Bàbá Dúpẹ́ ló kú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkukù. Kí wọ́n tó kú, mo ti fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, mo sì gba ohùn wọn sínú fóònù. Àwọn ọmọ wọn wá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà jáde fún ìwé ìsìnkú. Lọ́la ni ìsìnkú. Atẹ̀wé ní bí òun kò bá rí i kí aago mẹ́rin tó lù, òun á tẹ ìwé náà láìsí ọ̀rọ̀ bàbá níbẹ̀.

Ògbólógbòó ni kọ̀ǹpútà mi. Ojú rẹ̀ dúdú, kò lo máòsì, lẹ́tà nìkan ló mọ̀. Ṣadé, àbúrò ìyàwó mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Inisa, ló tò ó kó máa fi àwọ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi á funfun. Èyí tó bá wà láàárín àmì àyọlò á ní àwọ̀ ewé, kí n lè mọ ohun tí ẹlẹ́rìí fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Mo ń gbọ́ ohùn bàbá, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ni mo bá kan ibi tí wọ́n ti ní: "Gbogbo ọdún tí mo fi gbé pẹ̀lú Ìyá Dúpẹ́, ó dùn mí."

Ọwọ́ mi dúró. Ó dùn mí kẹ̀? Nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Lójú opó? Mo fi "mọ́" kékeré kan há a láàárín: "Ó dùn mọ́ mi." Ẹ̀yin náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má purọ́.

Bí mo ṣe pa àmì àyọlò dé báyìí, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Orúkọ àwọn ọmọ, àdírẹ́sì ilé, títí kan ibi tí mo ti kọ ọ́ sí atẹ̀wé pé kó pè mí, gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ bàbá.

Mo wò ó dáadáa. Àmì àyọlò ti lọ. Mo tẹ òmíràn, àwọ̀ padà bọ̀ sípò. Mo ṣẹ́jú, ó tún di àwọ̀ ewé. Àmì ti lọ, "mọ́" náà ti lọ.

Mo pe Ṣadé.

"Bọ̀dá mi, ẹ ò pa ẹnu bàbá dé ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pa á dé!"

"Àwọn tíṣà yẹn! Wọn kì í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́."

"Ìwọ tíṣà ńkọ́?"

Ó wọ ọkọ̀ láti Inisa wá. Ó pa àwọ̀ náà, ó tún un tàn. Ó ní kí ẹ̀rọ ka fáìlì láti òkè. Ó da ọ̀rọ̀ náà sínú fáìlì tuntun. Àwọ̀ ewé náà ni. Ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ "mọ́", ó sì ká ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

Ọ̀rọ̀ náà ń lọ níṣojú wa, lẹ́tà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ẹ gbà mí gbọ́, àmì ohùn orí rẹ̀ ló kẹ́yìn. Ó dá dúró lófuurufú díẹ̀, kó tó tẹ̀ lé wọn.

"Kí ni bàbá yìí sọ gan-an?" Ṣadé rọra béèrè.

Mo tan ohùn náà fún un. Ó wò mí bí ẹni tó mú olè.

"Ẹ wá bù mọ́ ọn."

"Opó á jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Ọkọ rẹ̀ ti jókòó síbí o," ó ń nàka sí ojú kọ̀ǹpútà.

Aago mẹ́ta ààbọ̀, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Dúpẹ́ ló wọlé. "Ọmọ mi, wọ́n ní o ò tíì fi ránṣẹ́." Kí n tó rí nǹkan fi bo kọ̀ǹpútà, wọ́n ti fi awò sójú. Wọ́n kà á.

"Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn," ìyá ní. "Láràárọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún mi. Wọ́n á tún ní kí n bu tíì sí ife àwọn." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Bàbá Dúpẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀. Ó dun èmi náà, ṣùgbọ́n mi ò lọ."

Mo fi ọ̀rọ̀ bàbá sílẹ̀ bó ṣe wà, mo pa á dé, mo kọ ti ìyá. Àwọ̀ bọ̀ sípò: tàwọn méjèèjì jẹ́ ewé, tèmi funfun. Mo fi ránṣẹ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin lù.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kà á síta, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìyá ṣẹ́wọ́ sí mi, wọ́n fi ìka sí ìwé ọwọ́ wọn. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, ìlà kan wà níbẹ̀ tí mi ò kọ:

"Èmi náà ò tíì lọ."

Atẹ̀wé ní bó ṣe dé ọ̀dọ̀ òun nìyẹn. Ṣadé ní kí n pa fáìlì náà rẹ́. Mo ní kó wá pa á rẹ́ fúnra rẹ̀, kò wá. Ìyá ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: "Ṣé wọn ò tún sọ nǹkan kan?" Mi ò tíì láyà láti ṣí fáìlì náà wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìsìnkú, ẹ ṣọ́ra. Bí olóògbé bá ní ó dun òun, ẹ jẹ́ kó dùn ún.