Dán-an-wò Ra Ẹ̀rọ Tó Ń Gé Irin

Ọjọ́ tí wẹ́dà tí gbogbo wọn ń pè ní Dán-an-wò lọ ra ẹ̀rọ pílásímà, irin tirẹ̀ ló gbé dání lọ sọ́jà. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ṣàlàyé títí ètè rẹ̀ fi gbẹ: iná àti atẹ́gùn ló fi ń gé irin, kò sí wàhálà ayùn mọ́. Ó ṣí ìwé tó bá ẹ̀rọ wá.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ìwé ní ó lè gé irin tó nípọn tó ìka ọwọ́ yín."

"Ìka wo? Àtàǹpàkò ni àbí èyí tó kéré jù?"

"Bàbá, ohun tí ìwé wí ni mo ń wí yẹn."

"Ọmọ mi, ṣé ìwé ni mo fẹ́ gé ni? Tanná sí i, ká dán an wò."

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n dán wò. Èyí tó kéré jù gé irin náà dé ìdajì, ó dákẹ́. Èyí tó tóbi jù gé e já, ṣùgbọ́n òkùnkùn bo gbogbo ilé ìtajà. Dán-an-wò mi orí. "Èyí gé irin, ó tún gé iná mọ́ wa lórí." Èyí tó wà láàárín ló rà.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti ń kọṣẹ́. Bó bá fi ayùn gé irin láàárọ̀, apá náà kì í ròkè mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí apá bá lọ, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn. Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í léèrè ìdí tó fi ra ẹ̀rọ. Ó ní, "Ayùn ló darúgbó, kì í ṣe èmi."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ń tanná, ó ń kú, ó ń tu omi jáde lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n," ni káfíńtà wí, "òtútù ti mú ìyàwó tuntun o."

"Omi ló wà nínú atẹ́gùn tó ń mí. Bí wọ́n bá da omi sí ìwọ náà nímú, ṣé wàá lè ṣiṣẹ́?"

Ó fa omi náà gbẹ. Ó wá gé irin kan já, ó gún régé bí ojú okùn. Inú rẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí tábìlì onírin tó wà lábẹ́ fi là sí méjì, tó wó lulẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀rọ yín ò mọ ààlà o!"

Dán-an-wò fi ẹsẹ̀ ti ìdajì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Tábìlì méjì ni mo ti ń wá tipẹ́."

Ọdún méje ni ẹ̀rọ náà fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Títí ọjọ́ tí Dán-an-wò kú, ṣọ́ọ̀bù náà ò tì.

Nígbà tí ọdún keje ń parí lọ, ó jókòó létí ibùsùn ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ń wọ ẹ̀wù fún un. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá wọn, èjìká yìí ń dùn mí o. Ó ti pẹ́."

Ìyàwó ò dúró. Ó rọra ti apá ọ̀tún bọ ẹ̀wù ná, kó tó kan ti òsì.

"Mo mọ̀, Bàbá wọn. Kí lẹ wá rò pé mo ṣe ń wọṣọ fún yín láràárọ̀ láti ọdún méje yìí wá?"

"Mo ṣe bí ìfẹ́ ni."

Ìyàwó ń de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ.

"Òun náà ni."